Sàréè Tó Ń Bú Gbàmù Lọ́sàn-án

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò ní orúkọ gidi nílùú wa. Ní Ìlá tí mo ń gbé, tíṣà físíìsì ni wọ́n mọ̀ mí sí láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ti di Sátidé, mo di "tíṣà iwin". Àwọn kan ń fi ẹ̀rín pè é, àwọn kan sì ń pè é bí ẹni tó ń dárúkọ àìsàn. Ohun tí mo ń ṣe kò ju èyí lọ: bí ẹnì kan bá ní òkú ń rìn nínú ilé òun, tàbí pé ọwọ́ tí òun kò rí ń kan ilẹ̀kùn, màá lọ síbẹ̀. Màá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, màá wo òrùlé, màá wo ilẹ̀, màá wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, màá sì sọ ohun tí mo rí. Bí n kò bá rí nǹkan kan, màá sọ pé n kò rí nǹkan kan. N kì í gba kọ́bọ̀, n kì í sì ya fídíò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ nípa rẹ̀ rò pé ó dùn. Kò dùn rárá. Ẹ̀rù ló máa ń bà mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù iwin, ẹ̀rù àwọn onílé ni. Mo máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà mí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, pé màá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dá mi lójú, ẹnì kan á sì tìtorí rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ jáde nílé. Ìkejì yìí ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Bí ẹ̀rù náà bá ti lọ sílẹ̀ tán, ohun tó máa ń kù nínú mi ni ẹ̀gàn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, torí inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n sì kọ́ mi pé kí n má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Mo ti jókòó ní pálọ̀ tó pọ̀, mo ti tẹ́tí sí àwọn tí kò gbọ́ ohunkóhun fúnra wọn tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́. Mo ti rí wòlíì tó sọ orúkọ àjẹ́ ilé kan kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó fẹ́ tú ilé ká nítorí eku tó wà ní àjà. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí tí kò kẹ́gàn, bóyá ọkàn rẹ̀ dára ju tèmi lọ ni, tàbí kò tíì jókòó pẹ́ tó.

Àwọn tí mo kẹ́gàn jù ni àwọn ọmọkùnrin oní-fídíò. Aṣọ dúdú ni wọ́n máa ń wọ̀, wọ́n á fi bébà pupa wé iná tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì wọnú ilé onílé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti pariwo "Jésù!" Ẹni tó gbé fóònù dání ló sì máa ń kọ́kọ́ sá, torí náà ẹni tó ń wo fídíò náà kì í rí ju ilẹ̀ àti bàtà lọ. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n ti lọ. Wọn kì í padà wá wo ohun tí fídíò náà ṣe sí àwọn tó ń gbé inú ilé yẹn.

Irú wọn ló kọ́kọ́ dé ilé kan ní Ọ̀rà, kí n tó débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń bá mi lọ síbi iṣẹ́ yìí, torí mo ti fi ṣe òfin pé n kò ní dá wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìdajì ohun tí wọ́n ń pè ní iwin nílẹ̀ yìí, àìsàn ni. Ojú rẹ̀ sì mọ àìsàn.

"Tíṣà iwin," ó ní, "iwin rẹ ti dé Ọ̀rà o."

"Jọ̀ọ́, má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, pásítọ̀ àwọn òkú. Fetí sílẹ̀. Màmá kan wà tí mò ń bá wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Opó ni. Wọ́n ní òun ló ń jí ọkọ rẹ̀ tó ti kú sílẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí fẹ́ ṣèpàdé láti lé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì ti ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá lé e, kò ní rìn dé ibi kankan."

Mo béèrè ibi tí màmá náà lè lọ. Ó ní ilé bàbá rẹ̀ ní Ìrèsì ti di àlàpà, òrùlé ti já wọlé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Kàdúná, nínú yàrá kan. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe nǹkan kan. Ó ní òun kò bi mí bóyá mo lè ṣe é, òun ń bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀.

Ìsinmi ilé ìwé la wà. Mo gun ọ̀kadà lọ ní ọjọ́ kejì, gbogbo ojú ọ̀nà ni mo sì fi ń gbèrò ohun tí màá sọ bí wọ́n bá ní kí n máa lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Bàbá onílé ti kú ní èyí tó lé ní ọdún kan, wọ́n sì sin ín síwájú ilé rẹ̀, bí a ṣe máa ń sin àgbà síbi tó ti gbé ayé. Ìyàwó rẹ̀ àgbà ti kú ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó kékeré ló kù, màmá tí ọ̀rẹ́ mi sọ nípa rẹ̀. Nígbà tí ìrántí ọdún kan kù sí dẹ̀dẹ̀, Dáódù, àkọ́bí bàbá náà tó ń gbé ní Òṣogbo, ní a gbọ́dọ̀ fi táìlì bo sàréè náà torí àwọn àlejò ń bọ̀, wọ́n á sì ya fọ́tò. Kọnkéré tuntun tí wọ́n dà sórí rẹ̀ kò tíì gbẹ tí wọ́n fi tẹ́ táìlì lé e lórí, torí ọjọ́ ayẹyẹ kò ní dúró de kọnkéré. Dáódù tún ní kí wọ́n tẹ́ wọn kí orí kan orí, kí àlàfo kankan má sí láàárín wọn, kó lè dán bíi dígí. Ó dán lóòótọ́. Àwọn àlejò yìn ín, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn mú, sàréè náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Gbàmù! Táìlì méjì á gbéra sókè, wọ́n á forí kan ara wọn bí àgọ́ kékeré, bí ìgbà tí ẹnì kan bá fi èjìká tì wọ́n láti abẹ́ ilẹ̀. Àwọn oní-fídíò gbọ́, wọ́n wá, wọ́n pariwo "Jésù", wọ́n sì lọ gbé e jáde pé òkú ń jí dìde ní Ọ̀rà. Àwọn ará Òṣogbo tó mọ Dáódù rí i. Ìtìjú bá a. Ẹni tí ìtìjú bá sì ń wá ẹni tó máa gbé e fún.

Wọn kò wá a jìnnà. Kí wọ́n tó tẹ́ táìlì, màmá yìí ti béèrè pé, "Níbo ni màá wá máa sá èlùbọ́ sí?" Orí sàréè tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ló máa ń sá a sí, torí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń mú jù, eruku kì í sì í dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ lásán di èpè. Wọ́n ní òun ni kò fẹ́ kí ọkọ òun sùn nínú ọlá, pé ó fi ẹnu rẹ̀ pè é sókè.

Ìyàwó Dáódù ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Ó ti wá láti Òṣogbo láti tún ilé tuntun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ṣe de ìpàdé.

"Ìgbà wo ló máa ń bú, mà?" mo bi í.

"Òru ni. Òru ọ̀gànjọ́ gan-an."

"Ẹ ti gbọ́ ọ rí, mà?"

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Òṣogbo ni mò ń gbé."

Ọ̀rẹ́ mi wo ojú mi, ó sì yára wo ilẹ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, ohun tó ń mú mi bínú nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ó dá obìnrin náà lójú! Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó ń sọ nípa ariwo tí kò gbọ́ ní wákàtí tí kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé, ẹnu mi máa ń gbọ̀n bí mo bá fẹ́ sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí.

A lọ bá màmá náà níwájú ilé. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń bẹ iṣu. Ìgbómìnà ponbele ló ń sọ, èmi ni mo tún un kọ síbí kí ó lè yé gbogbo ènìyàn. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Ọ̀sán ni," ó ní. "Tí oòrùn bá ti mú títí, tó wá rọra yẹ̀."

"Kì í ṣe òru, mà?"

"Ta ló sọ pé òru ni? Ẹni tó wà ní Òṣogbo?" Ó ju èèpo iṣu sínú agbọ̀n. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ọkọ mi kì í jí lọ́sàn-án nígbà tó wà láyé. Bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí ilé bá ń jó, ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e jáde. Òun náà ló wá ń gbé sìmẹ́ǹtì nínú oòrùn yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwàdà náà ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, mo fi orí rẹ̀ kan àwọn táìlì tí kò tíì yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ á le. Èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá kan àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń dún bí àpótí òfìfo. Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀: kọnkéré tí kò gbẹ máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, táìlì ní tirẹ̀ sì máa ń fẹ̀ díẹ̀ nínú oòrùn àti ọ̀rinrin. Bí kò bá sí àlàfo láàárín wọn, wọ́n á máa ti ara wọn títí ọ̀kan á fi fò sókè, pàápàá bí ooru bá yí padà lójijì. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara mi lẹ́jọ́. Ṣé torí pé mo fẹ́ kó jẹ́ sìmẹ́ǹtì ni mo ṣe ń rí sìmẹ́ǹtì? Ṣé kì í ṣe pé mò ń ṣe bíi ti wòlíì tó dárúkọ àjẹ́ kó tó béèrè ọ̀rọ̀? Mo ní ká jókòó, ká dúró de oòrùn.

A jókòó. Oòrùn mú. Ìkùukùu kan wá bò ó, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀ sì fẹ́. Gbàmù! Mo fò sókè, mo da omi tí màmá náà bù fún mi nù sára ọ̀rẹ́ mi. Màmá náà kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyẹn náà nìyẹn," ó ní. "Jókòó, tíṣà. Kò mọ̀ ọ́, kò ní bá ọ jà."

Ní Sátidé, ẹbí pé jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dáódù jókòó sáàárín, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá tó kú, jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó di ojú bí ẹni tó sùn. Màmá náà jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọn kò bi í ní ohunkóhun, obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé kì í sì í sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọmọ onílé bá ti ń sọ̀rọ̀. Bó tilẹ̀ dàgbà tó yẹn, "ẹ" ló ń pe Dáódù, torí ó bá a nínú ilé.

"Ta ló pe èyí wá?" Dáódù ní.

"Èmi ni, sà," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Èmi ni mò ń tọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí."

Mo ṣàlàyé. Ohùn mi ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ó ń gbọ̀n, èyí tún wá mú un gbọ̀n sí i. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kan táìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo sọ nípa kọnkéré, nípa oòrùn, nípa àlàfo tí kò sí. Bí mo ṣe parí, Dáódù dìde.

"Ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo ba sàréè bàbá mi jẹ́?"

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ sá kúrò lára mi. "Rárá o, sà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Oòrùn ni."

"Oòrùn!" Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Oòrùn tó ti ń ràn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ayé! Ta ló ní òun kò fẹ́ táìlì? Ẹnu wo ló sọ ọ́? Sìmẹ́ǹtì kọ́, ẹnu ni!"

Àwọn kan ní "Hẹ̀n-ẹ́n." Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo màmá náà. Ó ti ń fi ọwọ́ ṣa ìdí ìró rẹ̀ jọ, bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ di ẹrù. Mo kórìíra gbogbo wọn nígbà náà, mo sì kórìíra ara mi pẹ̀lú, nítorí "sà" tí mo ń pè léraléra.

Ìyá àgbà la ojú. "Táìlì yìí, ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ lò tán síbí?"

"Rárá, Ìyá àgbà," ìyàwó Dáódù fi ìdùnnú dáhùn. "Èyí tó ṣẹ́kù la fi tẹ́ pálọ̀ wa."

"Lọ́jọ́ mìíràn?"

"Lọ́jọ́ kan náà, mà. Àwọn kan náà ló tẹ́ ẹ."

"Tíṣà, lọ kan ìyẹn náà ká gbọ́."

Gbogbo wa dìde lọ sí ilé tuntun. A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Pálọ̀ náà ń dán bíi dígí. Mo kúnlẹ̀, mo kan án láàárín, ó le. Mo kan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó dún bí àpótí òfìfo. Mo tún kan èyí tó tẹ̀ lé e. Àpótí òfìfo.

Ìyá àgbà fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Tí eléyìí náà bá bú gbàmù," ó ní, "ìyàwó wo la máa lé?"

Ibí yìí ló yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ṣe òfin pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà gbọ́ ju ohun tí mo rí lọ, mo sì rí i pé òfin náà kò já mọ́ nǹkan bí mo bá ń pa á mọ́ kìkì nígbà tó bá ṣe mí láǹfààní. "Kò dájú pé á bú, mà," mo ní. "Ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí láé."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," Ìyá àgbà ní. "Ta ló bi ọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi.

Ìyàwó Dáódù ń wo ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti ń wò ó. Mo rí ìgbà tó yé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí táìlì tó dúró lé, ó sì kígbe sí ọkọ rẹ̀:

"Sìmẹ́ǹtì ni! Ṣebí mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ! Ẹ̀yin ò gbọ́ àlàyé tí tíṣà ṣe ni? Ọmọ tó kàwé! Kọnkéré ń sún kì, táìlì ń fẹ̀! Kí ló kan màmá nínú ìyẹn?"

Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá náà. Dáódù ní òun ti mọ̀ pé àwọn tó tẹ́ táìlì náà kò mọ iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tún àlàyé mi ṣe fún àwọn tó pẹ́ dé, ó sì ṣe é dáadáa jù mí lọ, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ohun tó dùn mí nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Òtítọ́ tí mo kó wá láti Ìlá kò gba ẹnikẹ́ni là. Ìgbà tó kan ìyàwó Dáódù nínú pálọ̀ tirẹ̀ ló di òtítọ́. Ká ní wọ́n ti kó táìlì tó ṣẹ́kù dànù ni, màmá náà ìbá ti wà nínú àlàpà ní Ìrèsì. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Màmá á sùn nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́ òní. Ìwọ ń wá kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ọ?" Bóyá ohun tí mò ń wá nìyẹn lóòótọ́.

Àwọn oní-fídíò tún gbé òmíràn jáde, wọ́n ní àwọn ti fi àdúrà dá òkú Ọ̀rà padà sínú ilẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ padà débẹ̀. Mo wò ó tán, mo sì fi fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ọ̀rà, wọ́n ti hú gbogbo táìlì náà kúrò, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì lásán rẹ́ sàréè náà, wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Iṣu tí wọ́n ti bọ̀ wà lórí rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń gbẹ nínú oòrùn. Màmá náà jókòó ti í, ó mú igi kékeré kan dání tó fi ń lé ewúrẹ́. Mo sún mọ́ ọn láti kí i, mo sì tún ń ronú bóyá kí n sọ fún un pé táìlì nìkan ni mo yẹ̀ wò, pé n kò lè sọ ohunkóhun nípa ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ó yẹ kí ó mọ ibi tí ìmọ̀ mi parí sí.

"Tíṣà," ó ní, "gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí èlùbọ́ mi."